Ẹ̀rọ Tí Ń Da Àwòrán Sára Ògiri

Ẹni tí ó bá ti wọ ìlú Òkukù rí ní àsìkò ọdún tàbí ní ọjọ́ òkú àgbà, ìlú Ọlọ́kukù tí ọ̀nà reluwé gbà kọjá láàárín Ìkìrun àti Ọ̀fà, kò ní ṣàì gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí ń ki ará ilé wọn, nítorí pé oríkì ni oúnjẹ etí àwọn ará ibẹ̀, débi pé òyìnbó obìnrin kan tí ń jẹ́ Karin Barber, tí ó gbé ìlú náà fún ọdún mẹ́ta láti 1974 sí 1977, kọ odidi ìwé lórí rẹ̀, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1991. Obìnrin tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í da ìbéèrè bo ènìyàn: bí ó bá ti gbọ́ orúkọ agbo ilé rẹ, ó ti mọ ibi tí yóò gbà mú orí rẹ wú. Mo fi èyí ṣíde ọ̀rọ̀ nítorí pé ẹ̀rọ tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní orí yìí kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó ní àmì. Ẹni tí ó bá sì mọ àmì ara rẹ̀ kò níí máa fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn gbàgbà, kò sì níí pariwo pé ó ti kú nígbà tí ó jẹ́ pé èémí ni kò rí mí.

Pròjẹ́kítọ̀ ni a ń pe ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ìwé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ó jọ ọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1903, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ará Èkó nínú gbọ̀ngàn Glover, ni ilẹ̀ wa ti mọ sínimá, ṣùgbọ́n àwọn eléré orí ìtàgé wa ni wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà àwọn ìlú bíi tiwa. Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979, tí Moses Ọláìyá tí a mọ̀ sí Baba Sàlá sì ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, inú ọkọ̀ ni àwọn eléré ń di ẹ̀rọ, aṣọ funfun àti jẹnẹrétọ̀ sí, tí wọ́n ń gbé e kiri láti gbọ̀ngàn ìlú kan dé òmíràn. Ẹ̀rọ ìgbà náà tóbi, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ, okùn fíìmù rẹ̀ a sì máa já níbi tí eré ti dùn jù, kí gbogbo ilé bú sí hòò. Èyí tí ó wà lóde lónìí kéré tó ohun tí ènìyàn lè gbé há abíyá. Ẹ ó rí i ní Òkukù níbi tí àwọn ìjọ ti ń fi ọ̀rọ̀ orin han ara wọn, ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà nílùú náà, ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, àti níbi ìnáwó òkú tí wọ́n ti ń fi fọ́tò olóògbé han àlejò.

Kí a tó mọ ohun tí ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ń ṣe. Gílóòbù kan wà nínú rẹ̀ tí kò jọ gílóòbù ilé rárá: makúrì díẹ̀ ni wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀, nígbà tí ó bá sì gbóná tán, ohun tí ń ti ara dígí rẹ̀ láti inú a máa lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po igba ti afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù yìí ni ẹ̀rọ ń sọ di àwòrán, ìdílé méjì tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn sì ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n gbà ń ṣe é. Ìdílé LCD ní awẹ́ dígí kéékèèké mẹ́ta, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ aró, tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó papọ̀ di ọ̀kan. Ìdílé DLP ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Dígí ìwojú wẹ́wẹ́ ni ó fi ń ta á padà, èyí tí Larry Hornbeck ti ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà hùmọ̀ rẹ̀ ní 1987. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dígí náà tín-ín-rín ju fọ́nrán irun lọ, wọ́n sì pọ̀ débi pé nínú ẹ̀rọ tí a kọ 1024 × 768 sí lára, dígí 786,432 ni ó ń jó, tí ó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, lórí ohun tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti ṣí púpọ̀ nínú wọn.

Ohun tí ń pa ẹ̀rọ yìí kò ju ooru àti eruku lọ, tọkọtaya ni àwọn méjèèjì. Gílóòbù ń gbóná, fáànù sì ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta wọlé kí ó lè tù ú lára; afẹ́fẹ́ náà kò dá wá, ó ń kó eruku bọ̀; eruku a wá dí ihò, afẹ́fẹ́ a dín kù, ooru a gorí ooru. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá sọ gbogbo òrùlé di funfun, ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé onífèrèsé ṣíṣí yóò gbé eruku mì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ju èyí tí ó gbé mì ní gbogbo ìgbà òjò lọ. Asẹ́ kan wà lẹ́nu ihò ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní fílítà. Òun ni imú ẹ̀rọ. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù, ẹ yọ asẹ́ náà jáde, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀ nù. Ẹ má ṣe fi omi fọ̀ ọ́ àfi bí ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 100 wákàtí iṣẹ́ ni ó yẹ kí a máa ṣe èyí. Bí ọyẹ́ bá sì dé, kí ẹ má dúró de 100.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ wọn tọ fọgaànáísà lọ pé kí ó fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Omi àti òróró wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé yóò yí fáànù kọjá bí wọ́n ṣe dá a, yóò sì gbá eruku tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wọ yàrá lọ. Nígbà tí àwòrán bá wá yọ àbàwọ́n dúdú tí kò ṣeé nù lẹ́yìn náà, wọn a ní NEPA ni ó ṣe é: ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́.

Mo rántí ìkórè kan. Ìjọ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, n kò níí dárúkọ wọn, nítorí pé ilé ni a ti í jẹ èkúté onídodo. Àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n wo pròjẹ́kítọ̀ tí wọ́n ní dúdú rẹ̀ ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́, ni wọ́n bá tẹ́ léèsì funfun sórí tábìlì lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ká etí léèsì náà bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ẹni ń wọṣọ fún ìyàwó. Ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń pe àwọn bàbá ìsàlẹ̀ síwájú, fáànù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹṣin tí ó sáré, iná pupa yọ níwájú rẹ̀, ògiri sì ṣú. Ẹnì kan ní ọwọ́ ayé ni. Ẹlòmíràn ti gbé àdúrà sókè. Ọmọkùnrin tí ń tọ́jú ẹ̀rọ náà kò fọhùn. Ó ká léèsì kúrò, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ó fẹ́ atẹ́gùn, ó sì tàn án padà. Ọwọ́ ayé kọ́, ọwọ́ àwọn ìyá wa ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n gbé e ka orí ohun líle, kí ó jìnnà sí ògiri àti aṣọ fèrèsé tó gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé kan, kí wọ́n má sì ṣe to ìwé orin tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà kò gbẹ́yìn. Bí a bá parí iṣẹ́, bọ́tìnnì ni a fi í pa á, a ó sì dúró títí fáànù yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí a tó fa wáyà yọ lára ògiri, nítorí pé ooru gílóòbù kò tíì lọ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. NEPA ní tirẹ̀ kì í ki ènìyàn kí ó tó lọ, bí ó bá sì padà dé, a máa wọlé pẹ̀lú agbára tí kò mọ níwọ̀n. Nítorí náà ẹ wá sítábíláísà fún un, bí owó bá sì wà, kí ẹ fi UPS kún un, èyí tí yóò gbé fáànù ró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara gílóòbù tó rọ̀. Ẹni tí ń lo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó ró dáadáa ná kí ó tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ yóò tàn ṣùgbọ́n àwòrán kò níí yọ, òfìfo aláwọ̀ aró nìkan ni yóò wà lára ògiri. Ẹ má tíì ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ ní Òṣogbo. Ẹ fi ọwọ́ kan wáyà ní orígun méjèèjì kí ẹ rí i pé ó jókòó; ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a kọ Source sí títí yóò fi dé ojú ihò tí ẹ ki wáyà bọ̀; bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ oní-Windows, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ó ní àmì fèrèsé pọ̀ mọ́ lẹ́tà P, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó fi àwòrán kan náà hàn níbi méjèèjì. Nínú ìpè mẹ́wàá tí wọ́n máa ń pè mí, ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ máa ń parí sí. Bí àwòrán bá dorí kodò, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń kà láti ọ̀tún sí òsì, ẹnì kan ni ó ti yí ètò rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gbé e kọ́ àjà tàbí sẹ́yìn aṣọ. Inú ètò náà ni ẹ ó ti dá a padà. Bí òkè rẹ̀ bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ni ó gbé ojú sókè jù. Ẹ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì Keystone.

Àwọ̀ ni ibi tí ẹ̀rọ yìí ti ń fọ èdè tí ó jinlẹ̀. Wáyà VGA àtijọ́ ní ẹnu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: bí èyí tí ń gbé pupa bá tẹ̀, gbogbo ojú ènìyàn inú àwòrán yóò di àwọ̀ ewé tí ó dà pọ̀ mọ́ aró, bí òkú inú omi, bí èyí tí ń gbé aró bá ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á pọ́n bí epo ọjọ́ pípẹ́. Ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí wáyà tuntun kò bá mú un lọ, tí ẹ̀rọ sì jẹ́ ti ìdílé LCD, ooru ti jó ohun kan nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ DLP, tí ẹ ń rí àmì funfun wẹ́wẹ́ bí ìràwọ̀ ní ojú òfuurufú, àwọn dígí kan ni kò jó mọ́. Irú àìsàn méjèèjì yìí kò sí ní ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́. Iná a sì tún máa wà nínú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí a bá ti fa wáyà rẹ̀ yọ, èyí tí ó lè gbé ènìyàn ṣubú.

Gílóòbù ni ó gbówó lórí jù nínú ohun tí a ń pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo 2,000 sí 5,000 wákàtí, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tuntun oníléṣà lè lo nǹkan bí 20,000. Wákàtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ikú rẹ̀, ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ku ìdajì ni. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìdí rẹ̀ ní ilé aláwo. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fa wáyà yọ, ẹ dúró fún wákàtí kan gbáko, ẹ má fi ìka lásán kan dígí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rá ọwọ́ yóò jó mọ́ ọn lára yóò sì là á. Bí ẹ bá ti fi tuntun sí i, ẹ dá òǹkà wákàtí inú ẹ̀rọ padà sí òdo. Bí gílóòbù bá sì bú gbàmù, makúrì ti jáde: ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ má sì ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Bàbá kan wà tí ó jẹ́ aṣọ́-ilé ní gbọ̀ngàn tí mo ti máa ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó wọ kíláàsì alẹ́ láti kọ́ ABD. Òun ni wọ́n fi pròjẹ́kítọ̀ sí lọ́wọ́. Nígbà tí mo lọ tún un ṣe ní ọjọ́ kan, mo bèèrè pé nígbà wo ni wọ́n pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀ gbẹ̀yìn, mo sì ti ń retí kí gbogbo wọn máa wo ara wọn lójú gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Bàbá kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó fa ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan yọ láti abẹ́ tábìlì, ó ṣí i, ó sì fi ìka tẹ̀ lé ìlà tí ó fẹ́ kí n kà. Lẹ́tà ibẹ̀ tóbi, wọ́n sì dúró gbọn-in bí òpó ilé: "Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo gbọn eruku imú rẹ̀ nù. Wákàtí 1,412. Ara rẹ̀ le."