Omi Kò Gbàgbé Ọ̀nà Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Odò Ògùnpa

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí owó. Ti odò ni, ṣùgbọ́n owó wa wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ló wá yá owó láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí etí odò. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n, ó sì súnmọ́ ọjà. Ìgbìmọ̀ ní kó lọ wá ilẹ̀ mìíràn, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta gbáko ni mo fi wo ibẹ̀, omi ò dé ibẹ̀ rí.” Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: ẹ̀ẹ̀rùn ló fi wò ó! Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí gbogbo wa jọ kọ́ nípa bí odò ṣe ń rìn.

Àyè méjì ni odò ní

Àyè kìíní ni kòtò tí omi ń gbà lójoojúmọ́. Èkejì ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà lọ́tùn-ún lósì, níbi tí omi ń tẹ́ ara rẹ̀ sí nígbà tí òjò bá pọ̀ jù. Àwọn bàbá wa ń dá oko àkùrọ̀ síbẹ̀. Wọ́n gbin ẹ̀fọ́ àti ìrèké níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́lé síbẹ̀. Bí omi bá dé ibẹ̀, ìrìn rẹ̀ á dẹ̀, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, díẹ̀ nínú omi náà á sì rì sínú ilẹ̀. Bí a bá gba àyè yìí lọ́wọ́ odò, ilé àti ọjà ni omi á wọ̀.

Ìdí tí odò fi ń yí bí ejò

Níbi tí odò bá ti yí, ẹ̀gbẹ́ òde ni omi ti máa ń sáré jù, á sì máa jẹ bèbè ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ inú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ń kó iyanrìn sí. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ òde, odò ń jẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Yíyí náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń mú kí ọ̀nà omi gùn, kí agbára rẹ̀ sì dínkù.

Ohun tí ojú Ìbàdàn rí

Odò Ògùnpa gba àárín Ìbàdàn kọjá. Òkè pọ̀ nílùú náà, páànù sì bo ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, kíá ni omi ń sáré wọ odò. Bẹ́ẹ̀ ni ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti gba etí odò, pàǹtírí sì ti dí ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, 31 August 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, Ògùnpa sì kún bo bèbè. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó bá a lọ, láìka ọjà àti dúkìá. Ìjọba wá fi kọnkéré ṣe ojú odò náà. Kọnkéré ń jẹ́ kí omi tètè kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, pàǹtírí sì lè dí i. Ní 26 August 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ó tún gba ẹ̀mí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 2014, Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yá 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ìdènà ìkún omi nílùú náà. Ẹ ò rí i pé gbèsè ni ọ̀rọ̀ odò ń dà nígbẹ̀yìn!

Àwọn tó ṣàṣìṣe tí wọ́n tún un ṣe

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Kissimmee. Máìlì 103 ni gígùn rẹ̀, ó ń yí kiri. Nítorí ìkún omi, ìjọba là á ní tààrà láàrin 1962 sí 1971, ó sì di máìlì 56. Àkùrọ̀ ibẹ̀ gbẹ, ẹja dínkù, ọ̀pọ̀ ẹyẹ omi sì kó lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní láti ra ilẹ̀ ẹ̀bá odò, kí wọ́n sì dí apá kan kòtò tí wọ́n gbẹ́. Láti 1999 títí di 2021 ni iṣẹ́ ìdíkòtò náà fi wà lọ́wọ́, kí omi tó padà sí ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ ní nǹkan bíi máìlì 44. Àwọn ẹyẹ sì ti ń padà wá. Iṣẹ́ títún un ṣe pẹ́ ju iṣẹ́ bíbà á jẹ́ lọ.

Kí ni kí àwa ṣe?

1. Kí o tó ra ilẹ̀ etí odò, lọ wò ó nígbà òjò, kí o sì bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi dé rí.
2. Má da pàǹtírí sódò tàbí sí gọ́tà. Ọ̀rá tí o sọ sílẹ̀ lókè ló ń dí afárá nísàlẹ̀.
3. Má gé ọparun àti igi bèbè odò. Gbòǹgbò wọn ló di ilẹ̀ mú.
4. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà níbẹ̀, kó gbé ọjà rẹ̀ sórí pẹpẹ gíga, kó má sì sùn síbẹ̀ nígbà òjò ńlá.

Ní ti owó yá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa. Omi lè gbé ṣọ́ọ̀bù lọ, kò lè gbé gbèsè lọ. Ẹni tó yá owó á san án, bí kò bá sì rí i san, ọrùn àwọn onídùúró ló bọ́ sí. Ìdí tí ìgbìmọ̀ fi kọ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé a kórìíra ẹnikẹ́ni. Bí arákùnrin wa bá rí ilẹ̀ mìíràn, ìwé rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì wa.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Odò wo ló súnmọ́ ọjà rẹ? Níbo ni omi rẹ̀ dé nígbà tó kún jù? Kí ló wà níbẹ̀ báyìí?

Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ ká fi àyè odò sílẹ̀ fún odò, kí tiwa náà lè kù fún wa.