Àkànní, Ṣọ́ Ìbuwọ́lù Rẹ

Pópó-Ọbà,
Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ka gbogbo ohun tí o kọ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù sí mi létí. O ní owó oṣù kì í wọlé lásìkò mọ́. O ní wọ́n máa ń yí rósítà padà lóru, tí wọn á pè ọ́ pé o ní iṣẹ́ ní ìdájí. O ní òyìnbó tí ẹ jọ ń wa irú ọkọ̀ òfurufú kan náà ń gba dọ́là, ìwọ ń gba náírà. O ní wọ́n fún ọ ní kúẹ́rì nítorí pé o kọ̀ láti gbé ọkọ̀ kan tí nǹkan kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó wá já mi láyà jù ni ti ìparí: o ní tó bá di Mọ́ńdè, o máa ju ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, o sì máa kó gbogbo àṣírí wọn sórí Facebook.

Mo gbà pé ìyà ń jẹ ọ́. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti ní kí o fara dà á. Ṣùgbọ́n o ti da ẹ̀sùn rẹ pọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí náà wà níbẹ̀. Ti owó lè dúró, kí ẹ jà á lórí ìwé, kí ẹ sì jà á pọ̀. Ti ẹ̀mí kò gbọdọ̀ dúró rárá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ju ìyẹn lọ.

Ti kúẹ́rì ni kí n kọ́kọ́ mú. O rántí ọkọ̀ òfurufú Bellview tó já ní abúlé Lísà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifọ̀, lọ́jọ́ 22 Oṣù Kẹwàá 2005. Ilé-ẹ̀kọ́ girama lo wà nígbà náà. Èkó ló ti gbéra, Àbújá ló ń lọ, kò sì pẹ́ tó gbéra tó fi já. Ènìyàn 117 ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan kò yọ. Nígbà tí àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú parí iṣẹ́, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó dájú tí àwọn lè fi sọ pé ohun báyìí ló já a. Síbẹ̀, wọ́n kọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún awakọ̀ àgbà kó tó di kápítéènì ọkọ̀ náà kò tó. Wọ́n ní wákàtí tó ti fò láwọn ọjọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá náà pọ̀ débi tó lè fa àárẹ̀ fún un. Wọ́n ní àléébù wà lára ọkọ̀ náà, kò yẹ kó gbéra lọ́jọ́ yẹn, kò tilẹ̀ yẹ kó ti rin àwọn ìrìn-àjò kan tó ṣáájú.

Tún ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn ìrìn-àjò tó ṣáájú yẹn kà. Àwọn kan ti gbé ọkọ̀ yẹn, ó gúnlẹ̀ láyọ̀, wọ́n sì rò pé kò sí nǹkan. Bí ọkọ̀ tí kò pé ṣe ń di ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń gbé nìyẹn. Ẹni àná gbé e, kí ló dé tí ìwọ kò ní gbé e? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọ́ nínú kúẹ́rì yẹn nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ báyìí.

Àwọn ló ni ọkọ̀, àwọn ló sì ń san owó. Ṣùgbọ́n lófin, kápítéènì ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé pé òun gba ọkọ̀ náà kó tó gbéra. Kò sí alága, kò sí máníjà, kò sí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tó lè bá ọ buwọ́ lù ú. Owó tí wọ́n jẹ ọ́, wọ́n lè san án lọ́jọ́ kan. Bí o bá buwọ́ lu ohun tí o mọ̀ pé kò dára, ta ni yóò dá a padà fún ọ?

O mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lóru fún wọ́ọ̀dù tó kún fọ́fọ́. Bí a bá wí, wọn á ní kò sí owó láti gba ènìyàn sí i. Mo wá ń kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ọ̀dù ní gbogbo òru tó bá ti rí bẹ́ẹ̀: aago báyìí, aláìsàn iye báyìí, nọ́ọ̀sì kan, mo pe ọ̀gá báyìí, ó ní kí n máa bá a lọ. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, mi ò sì fi ọ̀rọ̀ kún un. Àwọn kan ní mò ń ṣe àṣejù. Nígbà tí ọmọdé kan wá kú lóru ọjọ́ kan, tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ di ẹ̀bi náà rù. Ìwé yẹn ni ìgbìmọ̀ kà. Àwọn aláṣẹ ni wọ́n yíjú sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń fi nọ́ọ̀sì méjì sí wọ́ọ̀dù náà lóru.

Nítorí náà, dá kúẹ́rì yẹn lóhùn lórí ìwé. Kọ ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ náà, kọ aago tí o rí i, kọ ohun tí o kọ sínú tech log, ìwé àkọsílẹ̀ àléébù ọkọ̀, àti orúkọ ẹnjiníà tí o fi tó létí. Má bẹ̀bẹ̀, má sì bú wọn. Fi ẹ̀dà kan sílé, má fi sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Fún ẹgbẹ́ yín, NAAPE, ní ẹ̀dà kan pẹ̀lú. Bí wọ́n bá tún fẹ́ fipá mú ọ, ọ̀nà wà láti fi ẹjọ́ ààbò sun NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, kí ẹgbẹ́ bá ọ tọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ oorun kò kéré sí ìyẹn lójú mi. Ìgbógbó lò ń gbé. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, òru ọ̀gànjọ́ lo ti ń jí. Nígbà tí o bá sì ń padà, Maryland, Ọjọ́ta, Kẹ́tu, Mile 12, súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ dé ilé. Láti ìgbà tí o bá ti fara hàn lẹ́nu iṣẹ́ ni òfin ti ń ka wákàtí rẹ. Kò ka èyí tí o lò lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ara rẹ ń kà á.

Lọ́jọ́ 12 Oṣù Kejì 2009, ọkọ̀ Colgan Air já nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 50 ló kú, ọ̀kan nínú wọn wà nínú ilé ara rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ já lù ú. Àṣìṣe awakọ̀ ni wọ́n sọ pé ó fà á, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí tún fi hàn pé igbákejì awakọ̀ náà ti fi gbogbo òru wọ ọkọ̀ láti Seattle níbi tó ń gbé, ní ìpẹ̀kun kejì orílẹ̀-èdè náà, kó tó dé Newark tó ti ń ṣiṣẹ́. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ẹbí àwọn tó kú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ilé aṣòfin ṣe òfin tuntun ní 2010, ìlànà tuntun lórí ìsinmi awakọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014. Wò ó, àwọn ẹbí òkú ló gba ìsinmi fún àwọn awakọ̀ tó wà láàyè. Mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ wà lára irú ẹbí bẹ́ẹ̀.

Bí ìwọ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ kan tàbí méjì bá lè da owó pọ̀ gba yàrá kan nítòsí Ìkẹjà fún ọjọ́ iṣẹ́ ìdájí, ẹ ṣe é. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ lóru tí o kò tíì sùn, sọ pé ó rẹ̀ ọ́, kí o sì kọ ọ́. Kì í ṣe ojo ni ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ti owó. Mi ò sọ pé ó rọrùn fún àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, òun ni wọ́n fi ń san owó ìyálò ọkọ̀. Síbẹ̀, wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣáájú rẹ. Ní Oṣù Kejìlá 2016, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ dúró ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Arik nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí AMCON, àjọ ìjọba tó ń gba gbèsè, fi gba ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà kòrónà, ní Oṣù Kẹjọ 2020, Air Peace dá awakọ̀ tó lé ní 70 dúró, wọ́n ní kí iṣẹ́ àwọn yòókù má bàa bọ́ ni. Bristow náà dá awakọ̀ àti ẹnjiníà tó lé ní 100 dúró lóṣù yẹn kan náà. NAAPE pariwo, ó tọ́ kí wọ́n pariwo. Ní 2022, òfin tuntun tún sọ iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú di iṣẹ́ kòṣeémánìí, ó sì fún mínísítà lágbára láti ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀. Lójú tèmi, òfin yẹn gba ohun ìjà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láìfi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ṣe pàtàkì jù báyìí. Nigeria Airways kógbá sílé ní 2003, títí di 2018, wọn kò tíì san gbogbo ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ ti kú. Àwọn tó ṣẹ́ kù ní láti fi ìwé hàn pé àwọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tọ́jú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ, ìwé owó oṣù rẹ àti àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì rẹ.

Bọ́ǹdù, ìwé àdéhùn pé o máa san owó ẹ̀kọ́ padà bí o bá kúrò, tí wọ́n fẹ́ kí o buwọ́ lù nítorí ẹ̀kọ́ ọkọ̀ tuntun náà ń kọ mí lóminú. Èló ni wọ́n ná gan-an lórí ẹ̀kọ́ náà? Ṣé gbèsè náà ń dín kù bí o ti ń ṣiṣẹ́, àbí iye kan náà ni títí di ọjọ́ ìkẹyìn? Bí àwọn fúnra wọn bá dá ọ dúró ńkọ́, ṣé ìwọ ni yóò tún san án? Irú ẹjọ́ yìí ń dé Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Ìgbà tí o kò tíì buwọ́ lù ú ni ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Ti Facebook, jọ̀ọ́, má ṣe é. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tí o bá fẹ́ bá ṣiṣẹ́ lọ́la, nílé tàbí lókè òkun, yóò kà á, lọ́yà wọn náà yóò sì kà á. Bí o bá fẹ́ kúrò, kúrò. Mi ò ní dá ọ dúró, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó gidi. Ṣùgbọ́n rí iṣẹ́ kejì ná, fún wọn ní àkókò tí ìwé àdéhùn sọ, kí o sì gba ìwé ẹ̀rí wákàtí tí o fò kí o tó jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, gba Ìmọ́tà àti Ìtòìkín wá sọ́dọ̀ mi. Mú kúẹ́rì náà, ìwé àdéhùn rẹ àti bọ́ǹdù náà dání. Mo ti bá lọ́yà kan níbí sọ̀rọ̀, yóò kà wọ́n. Títí a ó fi rí ara wa, má fi ìwé kankan sílẹ̀ fún wọn, má sì buwọ́ lu ohunkóhun.

Èmi ni,
Màámi Ẹ̀pẹ́