Iṣẹ́ tí Ẹnìkan Bẹ̀rẹ̀ tí Ẹlòmíràn sì Parí

Bíbélì kíkà: Ìwé Kíróníkà Kìíní, orí 22, ẹsẹ 1 dé 16.



Ìbéèrè méjì ni ó máa ń wá sí ọkàn ènìyàn bí ó ti ń dàgbà sí i: Kí ni Ọlọ́run rán mi wá ṣe ní ayé? Kí ni yóò sì kù lẹ́yìn mi? Àwa tí a wà ní Amukoko níhìn-ín mọ bí ìbéèrè wọ̀nyí ti wúwo tó. Láti ìlú púpọ̀ ni àwọn ènìyàn ti wá sí àdúgbò wa nítorí iṣẹ́ èbúté Apapa àti òwò Ajégúnlẹ̀. Ẹlòmíràn ti ṣe làálàá fún ọgbọ̀n ọdún, kò kọ́lé, kò ra ilẹ̀, ó sì ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé òun wá sí ayé lásán. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Dáfídì. Ó fẹ́ kọ́ ilé fún Olúwa, ṣùgbọ́n a kò gbà fún un. Kò tìtorí èyí káwọ́ gbera. Ó kó wúrà àti fàdákà, irin àti igi kédárì jọ, ó sì fi iṣẹ́ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Sólómọ́nì ni ó kọ́lé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wí pé Dáfídì kò ní ìpín níbẹ̀?

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú a rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Júùnù, 1846, ni a bí Samuel Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, nínú ìdílé ọmọ Yorùbá. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un padà wá sí Ìbàdàn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti C.M.S. ní Abẹ́òkúta, ó di olùkọ́, ó di katikíìsì, ó di díákónì ní 1880, ó sì di àlùfáà ní 1888. Ọ̀yọ́ ni ó ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn títí ó fi kú.

Níbo ni ó ti rí iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ? Kì í ṣe nínú àlá, kì í sì í ṣe ní ọ̀nà jíjìn. Ó kíyè sí i pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kàwé mọ ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti àwọn baba wọn. Àwọn àgbà tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n ń kú lọ. Ohun tí ó fẹ́ sọnù níwájú rẹ̀ ni ó di iṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, àti lẹ́nu David Kukomi ní Ìbàdàn. Ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ní 1897 ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá.

Ẹ wo ohun tí ó dé bá a. Ní 1899 a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a béèrè, wọ́n ní ó ti sọnù mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Épírì, 1901, Johnson sùn nínú Olúwa, láì rí ojú ìwé kan tí a tẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bí ó bá ṣe pé a dúró ní ibojì rẹ̀ ní ọjọ́ náà, àwa ìbá wí pé òfo ni.

Ṣùgbọ́n ó ti fi àkọsílẹ̀ púpọ̀ pamọ́, ó sì ní arákùnrin kan. Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn ní Èkó, kó àkọsílẹ̀ wọ̀nyí jọ, ó sì tún ìtàn náà kọ. Ní 1916 a fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, a sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ òǹtẹ̀wé. Obadiah pẹ̀lú kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde. Nínú àwọn arákùnrin méjèèjì kò sí ẹni tí ó fi ojú rí i. Síbẹ̀ títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn Yorùbá kò lè ṣàì yà sí ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn àgbà wa ní, ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹni tí ó da omi kì í dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni yóò tẹ̀ ẹ́. Omi náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣòfò.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni kí ẹ mú lọ:

1. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán wa sábà máa ń wà nítòsí. Ẹ wo ohun rere tí ó fẹ́ sọnù ní ilé, ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ìjọ, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ọwọ́ yín ni Olúwa fẹ́ fi gbà á là.

2. Ẹ má ṣe fi ìparí nìkan díwọ̀n iṣẹ́. Dáfídì kò kọ́ tẹ́ńpìlì, Johnson kò rí ìwé rẹ̀. Síbẹ̀ olóòótọ́ ni àwọn méjèèjì.

3. Ẹ wá ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín. Olùkọ́ tí kò fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ẹnì kan, àti àgbà ìjọ tí kò sọ fún ọmọdé bí a ti dá ìjọ sílẹ̀, ìṣúra ni wọ́n ń gbé lọ sí ibojì.

Ìbéèrè fún kíláàsì: (a) Èéṣe tí Dáfídì fi kó igi àti irin jọ fún ilé tí òun kì yóò kọ́? (b) Ta ni ó dàgbà jù lọ nínú ìjọ wa, kí ni ó sì mọ̀ tí a kò tí ì kọ sílẹ̀? (d) Bí Olúwa bá pè wá ní alẹ́ òní, ta ni yóò mọ ibi tí a bá iṣẹ́ wa dé?

Kí Olúwa fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti gbìn, bí ó tilẹ̀ ṣe pé àwọn ọmọ wa ni yóò kórè. Àmín.