Gbogbo Táyà Ló Dúdú

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá dúró níwájú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ ní Màídúgùrì yóò mọ̀ pé òwe náà kò yọ táyà sílẹ̀. Gbogbo wọn ló dúdú, gbogbo wọn ló ń dán, olùtajà sì ń búra pé wọn yóò tọ́jọ́. Ọ̀nà ni yóò sọ èyí tí inú ń run, nígbà tí owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2011 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Borno fòfin de ọ̀kadà nígboro, nítorí àwọn agbébọn tó ń fi í ṣọṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbapò rẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù sì padà sórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ fò sókè, àwọn mìíràn tún dara pọ̀ mọ́ wọn. Ilẹ̀ ìlú náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹni tó ń ti Bulumkutu lọ sí Monday Market kò ní òkè kan láti gùn. Àmọ́ iyanrìn wà, oòrùn wà, ẹ̀gún sì wà.

Kí a tó sọ ti ẹwà, ẹ ka nọ́ńbà. "26" tí àwọn oníṣòwò ń pè yìí ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. 26 × 1⅜ wà, 26 × 2.125 náà wà, ọ̀kan kò sì ní jókòó sórí ríìmù èkejì láéláé. Ẹ wá nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 37-590 ni ti àkọ́kọ́, 57-559 ni ti ìkejì. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni ìwọ̀n ibi tí táyà ti ń jókòó lórí ríìmù, ní mìlímítà. 31 ló fi yàtọ̀ síra. Kẹ̀kẹ́ gíga àtijọ́, irú Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, 28 × 1½ ni, 40-635. Ẹ kọ nọ́ńbà táyà àtijọ́ yín sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Olùtajà tó bá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi agbára tẹ̀ ẹ́, á wọ̀," ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Aya tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Eyín gàgàrà tó wà lára táyà máa ń wu ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n lórí títì ọlọ́dà, ariwo ni yóò máa pa, á sì máa jẹ agbára ẹsẹ̀. Nínú iyanrìn, fífẹ̀ ló ń gbani: táyà tó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò le jù, á gba orí iyanrìn kọjá, tóóró tó le gbagidi á rì. Bí ẹ bá sì gba apá Dikwa nígbà òjò, lórí ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki, amọ̀ á di àárín eyín wọ̀nyẹn pa. Èyí tó tẹ́jú láàárín, tó ní eyín kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni mo fara mọ́.

Ooru oṣù Kẹrin máa ń kọjá ìwọ̀n 40 ní Màídúgùrì, síbẹ̀ wọ́n á so táyà kọ́ síta gbangba. Ẹ ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó là, rọ́bà náà ti gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n mú ti inú ìsọ̀ wá.

Ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ. Ní Màídúgùrì, mai faci, ẹni tó ń lẹ táyà, ni alábẹ náà. Ẹ̀gún igi aduwa gùn, ó le, ó sì máa ń kán sínú rọ́bà. Àwọn kan á lẹ túùbù lónìí, á tún jò lọ́la, wọ́n á ní túùbù ni kò dára, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gún àná ló ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó dá túùbù padà, ẹ fi àkísà nu inú táyà yíká. Ibi tí òwú bá ti há, ibẹ̀ ni ọ̀tá wà.

A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí ẹ yí táyà tuntun náà: ìlà tínrín tó wà létí ríìmù gbọ́dọ̀ dọ́gba yíká. Bó bá rì níbì kan, tó yọ níbòmíràn, kò tíì jókòó. Ẹ wá gùn ún ládùúgbò láìgbé ọmọ, láìdi ẹrù; ẹ tẹ bíréèkì lórí ọ̀dà, kí ẹ tún gba inú iyanrìn. Ara táyà tuntun máa ń yọ̀, ẹ má fi eré ya kọ́nà. Ẹ má sì fún afẹ́fẹ́ sí i kọjá ìwọ̀n PSI tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tún le sí i bí oòrùn bá kan àtàrí.

Bí owó kò bá ju ti ẹyọ kan lọ, wọ́n á ní kí ẹ fi sẹ́yìn, pé ẹ̀yìn ló ń tètè jẹ. Ẹ má gbà. Bí táyà ẹ̀yìn bá bẹ́, èèyàn lè rọra dúró. Bí ti iwájú bá bẹ́, ilẹ̀ ni í gbé ni sí. Ẹ fi tuntun síwájú, kí ẹ mú ti iwájú lọ sẹ́yìn.