Síse Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún Oúnjẹ Alẹ́

Ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rí. Bí iná bá pọ̀ jù lábẹ́ ìkòkò, ẹran náà yóò sún kì, yóò gbẹ, yóò sì le lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ooru bá rọra wọ inú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, iṣan tí ó le yóò yọ́ sínú ọbẹ̀, ẹran yóò sì máa ṣí kúrò lára eegun fúnra rẹ̀.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́ kò ní agbára láti jókòó ti iná fún wákàtí mẹ́ta, igi ìdáná pẹ̀lú sì ń wọ́n. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kọ́ yín ní ọ̀nà tí ìkòkò yóò fi máa se ọbẹ̀ nígbà tí iná ti kú.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà ni ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀ fún wọn. Ìwé yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni rú èèwọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè fi ọ̀nà kan náà se ẹran ewúrẹ́ tàbí ti màlúù, kí wọ́n kàn jẹ́ kí ó hó pẹ́ sí i lórí iná. Níbi àpèjẹ ẹgbẹ́, kí àwọn tí ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ya ìkòkò, ọ̀bẹ àti ṣíbí tiwọn sọ́tọ̀, kí àlàáfíà lè wà.

1. Ẹran tí ó yẹ kí a rà

Ẹ ra ègé tí ó ní eegun ìhà, tí ó sì nípọn tó ínǹṣì kan. Èyí tí a gé láti apá ọrùn àti èjìká ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó ní ọ̀rá àti iṣan díẹ̀. Èyí tí a gé láti àárín ẹ̀yìn kò ní ọ̀rá púpọ̀, ó sì tètè máa ń gbẹ. Ẹ ra ẹran tí wòlé-wòlé tàbí dókítà ẹran ti yẹ̀ wò.

2. Àpótí koríko

Ẹ wá àpótí pákó tàbí apẹ̀rẹ̀ ńlá tí ó ní ìdérí. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí háhá àgbàdo gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó nípọn tó ínǹṣì mẹ́rin. Ẹ gbé ìkòkò òfìfo sí àárín, kí ẹ sì ki koríko yí i ká dáadáa. Bí ẹ bá yọ ìkòkò náà, ihò tí yóò gbà á ṣinṣin yóò kù síbẹ̀. Ẹ rán àpò aṣọ kan, kí ẹ ki koríko sínú rẹ̀ bí ìrọ̀rí. Èyí ni ẹ ó fi bo orí ìkòkò. Koríko kì í dá ooru sílẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ooru tí ó wà nínú ìkòkò tètè sá lọ. Bí koríko bá tutù tàbí tí ó hu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1971, ilé iṣẹ́ Rival ní Amẹ́ríkà gbé ìkòkò oníná mànàmáná jáde, tí wọ́n ń pè ní Crock-Pot, tí ń se oúnjẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó dára níbi tí iná kì í ti í lọ. Àpótí koríko ní tirẹ̀ kò béèrè iná mànàmáná.

3. Ohun èlò fún ènìyàn mẹ́fà

Ègé ẹran mẹ́fà (bíi kílò kan àbọ̀); ọ̀dùnkún kílò kan àbọ̀; àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta; tàtàṣé mẹ́rin; tòmátì mẹ́fà; ata rodo méjì; atalẹ̀ àti áàyù díẹ̀; táìmù, kọ́rì àti iyọ̀; òróró ṣíbí mẹ́ta; omi ife mẹ́rin. Ìkòkò tí ó nípọn, tí yóò gba líta 6, tí ó sì ní ọmọrí tí ó dé e dáadáa ni kí ẹ lò. Ìkòkò gbọ́dọ̀ kún ju ìdajì lọ dáadáa, nítorí pé ọbẹ̀ díẹ̀ tètè ń tutù.

A yan ọ̀dùnkún nítorí pé a mọ Ọ̀fà mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń sin ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú lè fi ewé àti ìtàkùn rẹ̀ bọ́ wọn.

4. Bí a ṣe ń sè é

(a) Ẹ fi iyọ̀, táìmù àti kọ́rì pa ẹran lára. Ẹ dín in nínú òróró gbígbóná títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n lójú méjèèjì, kí ẹ sì kó o sílẹ̀.

(b) Ẹ dín àlùbọ́sà, ata lílọ̀, tòmátì, atalẹ̀ àti áàyù nínú òróró kan náà títí omi ara wọn yóò fi gbẹ.

(d) Ẹ da omi sí i, kí ẹ kó ẹran padà, kí ẹ sì dé e. Láti ìgbà tí ó bá ti ń hó, ẹ ka ìṣẹ́jú 20. Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kó ọ̀dùnkún tí a gé ní ègé ńlá sí i.

(e) Bí ó ti ń hó lọ́wọ́ ni kí ẹ gbé e sínú àpótí láìṣí ọmọrí. Ẹ fi ìrọ̀rí koríko bò ó, kí ẹ sì dé àpótí.

(ẹ) Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ẹ bá gbé e síbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ẹ lè lọ sí oko etílé, ọjà tàbí ìpàdé ẹgbẹ́, kí ẹ sì padà ní aago mẹ́fà.

(f) Kí ẹ tó bù ú, ẹ gbé e padà sórí iná, kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

5. Ìkìlọ̀ pàtàkì

Èkíní: Ẹ má ṣe fi ìkòkò sínú àpótí láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí di ọjọ́ kejì. Oúnjẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn láti pọ̀ sí nínú. Bí ẹ bá ṣí ìkòkò tí kò gbóná débi tí yóò fi jó ọwọ́ mọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Gbígbé e padà sórí iná nìkan kò tó.

Èkejì: Bí ẹ bá rí hóró funfun nínú ẹran, tí ó dà bí ìrẹsì tàbí ẹ̀wà kékeré, ẹ má rà á. Ọmọ aràn pẹlẹbẹ ni. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ láìjinná yóò ní aràn náà nínú. Ẹyin aràn yìí ń jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ ènìyàn. Bí ó bá ti ọwọ́ ìdọ̀tí tàbí omi wọ ẹnu, ó lè dé ọpọlọ, kí ó sì fa wárápá. Ìgbẹ́ yìí náà ni ẹlẹ́dẹ̀ tí ń rìn kiri ń jẹ, tí ó fi ń kó o. Nítorí náà, ẹ sé ẹlẹ́dẹ̀ yín mọ́ inú ọgbà, kí ẹ gbẹ́ ṣáláńgá, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Híhó orí iná ni ó ń pa aràn yìí, kì í ṣe inú àpótí. Ẹ má dín ìṣẹ́jú 20 náà kù.

Ẹ̀kẹta: Ẹ má ṣe fi àjẹkù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí omi tí a fi fọ̀ ọ́ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó jà ní Benin àti Nàìjíríà ní ọdún 1997, tí ó sì tún run ọ̀pọ̀ ẹran ní Òkè-Àró ní ọdún 2020, lè ti inú ẹran tútù ràn. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí ń wò ó, ó sì lè kó ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kan tán pátápátá. Ẹ ri àjẹkù àti eegun mọ́lẹ̀ jìnnà sí ọgbà.

6. Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́

Kí ni ìdí tí ìkòkò fi gbọ́dọ̀ máa hó kí ó tó wọ inú àpótí? Kí ni ó ń pa ọmọ aràn inú ẹran? Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí yóò kan àpótí àkọ́kọ́, kí àwọn yòókù lè wò ó kọ́?