Ẹ̀dà ni, àbí ọwọ́ ni wọ́n fi yà á?

Ìbéèrè: Ìjọra Badia, l'Èkó, ni mo ń gbé. Mo rí àwòrán odò àti igi kan nínú férémù, ẹni tó ń tà á ní ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e síta gbangba, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀dà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn máa ń ga níbì kan, á tẹ́ níbòmíràn. Ẹ̀dà tí ẹ̀rọ tẹ̀ a máa jọ̀lọ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ fi awò sún un mọ́ra, ẹ ó rí àwọ̀ tó tò ní tóótòòtó. Ẹ̀dà ò burú rárá, kí wọ́n ṣáà má gba owó ojúlówó lọ́wọ́ yín.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà, ẹ béèrè ẹni tó fàṣẹ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo iṣẹ́ ayàwòrán fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, Abayomi Barber, ọmọ Ilé-Ifẹ̀ tó mọ àwòrán ilẹ̀ í yà, kú ní 2021: iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò títí di òpin 2091.

Ọ̀rinrin àdúgbò yín ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ gé rọ́bà sílípáàsì pẹlẹbẹ mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn férémù, kí atẹ́gùn lè gba àárín òun àti ògiri. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń hu funfun, ẹ má rà á.