Benin Wo Lẹ Ń Lọ?

Bí oníṣòwò kan bá tilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ekiosa, tó gbé báàgì kọ́ apá, tó sọ fún àwọn ará ìsọ̀ tó kù pé Benin lòun ń lọ, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. Benin wo? Ṣé Benin kọ́ ni gbogbo wọn jókòó sí yìí ni? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ná ọjà ọ̀hún kì í fi í dárúkọ orílẹ̀-èdè tó múlé ti Nàìjíríà ní ìwọ̀ oòrùn. Kútọnu ni wọ́n máa ń wí. Ìbáà jẹ́ Àjàṣẹ́ ni ẹni náà ń lọ, ìbáà jẹ́ Kétu, "ó lọ sí Kútọnu" náà ni. Orúkọ ìlú kan ti gbé odindi orílẹ̀-èdè mì.

Ìlú Ìbìní, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ni Ekiosa wà. Lédè Ẹdó, eki ni ọjà, Osa sì ni ìkékúrú Osanobua, orúkọ tí wọ́n ń pe Olódùmarè. Ọjà Ọlọ́run ni, bí a bá tú u. Àmọ́ ẹni tó bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ òjò á rí i pé ẹrẹ̀ kì í bẹ̀rù orúkọ. Gaàrí wà níbẹ̀, epo pupa wà níbẹ̀, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata wà níbẹ̀. Yorùbá tó bá ń tajà láàárín àwọn Ẹdó ti mọ̀ pé "koyo" ni ìkíni, "uruese" sì ni ọpẹ́. Kò kọ́ ọ níléèwé. Ẹnu oníbàárà ló ti gbọ́ ọ. Ọ̀nà tó gbà kọ́ ọ yìí ló máa wúlò fún un jù tó bá dé ìlú ẹlòmíì.

Báwo ni ibi méjì ṣe wá ń jẹ́ orúkọ kan? Ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ará Potogí bẹ̀rẹ̀ sí bá Ìbìní ṣòwò. Òkìkí ìjọba náà kàn débi pé apá òkun tó wà níwájú gbogbo etíkun yìí, láti ìhà Gánà títí dé ibi tí odò Ọya ti ń wọ òkun, orúkọ Ìbìní ni àwọn òyìnbó kọ sí i nínú àwòrán ilẹ̀ wọn. Bí orúkọ ṣe kúrò nílé nìyẹn, tó bọ́ sínú omi. (Ibi tí orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀, àwọn kan ní láti ẹnu Ọ̀rànmíyàn, àwọn kan ní irọ́ ni. Ẹdó àti Yorùbá ṣì ń bá ìjà yẹn bọ̀, kò sì sí ọ̀nà à ti parí rẹ̀ níbí.)

Lápá kejì, àwọn Faransé wọ Abomey, olú-ìlú ìjọba Dàhòmì, ní 1892. Wọ́n fi Dàhòmì pe gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní sàkáání ibẹ̀, orúkọ náà ni orílẹ̀-èdè ọ̀hún sì fi gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, oṣù méjì gééré ṣáájú Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìjọba àwọn Fọ̀n ni Dàhòmì, kì í ṣe ti gbogbo wọn. Ogun Dàhòmì ló run Kétu ní 1886. Báwo ni ará Kétu ṣe máa gba orúkọ ẹni tó kó o lẹ́rú kí inú rẹ̀ dùn? Bàrìbá tó wà ní òkè lọ́hùn-ún náà kò mọ Dàhòmì sí bàbá. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ààrẹ ológun wọn, Mathieu Kérékou, pa orúkọ náà tì. Inú omi ló ti fa òmíràn yọ: Bẹ̀nẹ̀, orúkọ òkun, tí ẹ̀yà kankan nílẹ̀ náà kò lè sọ pé tòun nìkan ni. Ọgbọ́n gidi ni. Wọn ò kàn bi ará Ekiosa ni.

Ìdàrú tó bá a wá kò tíì tán títí dòní. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ọnà 26 padà sí Kútọnu, àga ọba àti ère wà nínú wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò pé wọ́n ti dá ẹrù Benin padà lè rò pé ààfin Ọba Ìbìní ló ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù ààfin Abomey ni, èyí tí ọmọ ogun Faransé kó. Ti Ìbìní, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó o ní oṣù Kejì ọdún 1897, ọ̀tọ̀ sì ni ẹjọ́ tiẹ̀. Benin méjì, olè méjì.

Báwo wá ni ìrìn àjò láti Benin kan sí Benin kejì ṣe rí? Ká mú obìnrin Yorùbá kan tó ń ta aṣọ ní Ekiosa, ká tẹ̀ lé e lọ ra ańkárá.

Ìwé ló kọ́kọ́ kàn. Ìlú Èkó ni wọ́n ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú èkejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Láìgba físà kò túmọ̀ sí láìmú ìwé dání. Aláṣọ wa nílò páspọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ó tún nílò káàdì pélébé aláwọ̀ ìyeyè tó ń fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kó tó rìnrìn àjò, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì tó fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀: láti 2016 ni òfin àgbáyé ti sọ pé káàdì náà kì í kú mọ́. Ẹni tó bá tún gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé káàdì ti pé ọdún 10 ń fi àìmọ̀ rẹ̀ jẹun ni.

Ọ̀nà jìn. Láti Ìbìní, mọ́tò á gba Ọrẹ kọjá, á já sí Ṣágámù, á wọ Èkó. Èkó fúnra rẹ̀ lè gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ ènìyàn. Ó di Mile 2 kó tó rí ọkọ̀ ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀, tó máa gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ. Ojú ọ̀nà yìí ni sùúrù máa ń tán, nítorí igi àti okùn tí wọ́n nà sílẹ̀ láti dá ọkọ̀ dúró kò lóǹkà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé á kàn máa ṣí báàgì, á máa pa á dé. Ẹni tí kò ní ìwé, àpò rẹ̀ ló ń ṣí.

Ní Ṣẹ̀mẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ń lò, èyí tí Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon jọ ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Òǹtẹ̀ ìjáde, òǹtẹ̀ ìwọlé, ó parí. Àwọn ọlọ́kadà á máa pè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Màmá, ẹ wá, mo mọ ọ̀nà ẹ̀yìn." Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kò ní òǹtẹ̀ tó máa fi hàn nígbà tó bá ń padà bọ̀, ibẹ̀ ni owó tó rò pé òun fi pamọ́ ti máa ń jáde.

Ohun kan wà tí kò yí padà lẹ́nubodè yìí: apá ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà níhìn-ín, apá ọ̀tún náà ló ń gbà lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà ọlọ́kọ̀ mọ ìgbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Apá òsì tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa ni Nàìjíríà ń wà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún ni gbogbo àwọn aládùúgbò wa ń gbà. Awakọ̀ tó bá dé ààlà láyé ìgbà yẹn ní láti yí ọ̀nà padà kíákíá, kó tó forí sọ ẹni tó ń bọ̀.

Owó ló yí. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó á ti pagbo yí i ká kó tó rìn dé ibi ọkọ̀. Séfà ni wọ́n ń ná níbẹ̀, owó kan náà tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jọ ń lò, tó fi mọ́ Tógò, Sẹ̀nẹ̀gà àti Nìjẹ̀. Wọ́n ti so séfà mọ́ owó yúrò: yúrò kan jẹ́ séfà 655.957, lónìí àti lọ́la. Náírà kò so mọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, bí náírà bá ṣubú láàárọ̀, aṣọ tí iye rẹ̀ kò yẹ̀ ní Kútọnu á wọ́n fún ará Ekiosa kó tó di ọ̀sán. Aláṣọ tó bá gbọ́n á ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á wo ẹranko tó wà lẹ́yìn bébà kọ̀ọ̀kan: erinmi lára 500, ràkúnmí lára 1,000, ẹja lára 2,000. Ẹni tí kò mọ ìwé kà dáadáa náà lè fi ẹranko yẹn mọ iye tí wọ́n fún un. Owó ẹyọ tún wà, èyí tí wọn kì í ná mọ́ ní Ekiosa. Ó ń dún nínú àpò, ó sì ń wúwo.

Kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ láti ẹnubodè dé Kútọnu, bí ọ̀nà bá dá. Lẹ́bàá ọ̀nà, epo bẹntiróòlù wà nínú ìgò gíláàsì lórí tábìlì bí ẹni ń ta epo pupa. Kpayo ni wọ́n ń pè é. Láti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbé e kọjá, nígbà tó ṣì pọ́ọ́kú lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kì í ṣe Ìbìní nìkan ló sunkún; owó kpayo fò sókè ní Kútọnu náà. Ewu rẹ̀ kò kéré. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, iná sọ níbi tí wọ́n kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Podji, ní tòsí ààlà, ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó bá a lọ.

Nínú ìlú, ọ̀kadà ló ń gbé ènìyàn. Ní Ìbìní, ìjọba lé wọn kúrò nígboro ní 2013, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì gba ipò wọn. Ní Kútọnu, zemidjan ni orúkọ wọn, tó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá" lédè Fọ̀n. Ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Tí iná ojú pópó bá dá wọn dúró, á dà bí ẹni pé ẹyẹ ẹ̀ga ló bà.

Ọjà tí aláṣọ wa ń lọ ni Dantokpa, létí ọ̀sà. Tokpa ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ibí ni ìrìn àjò náà ti dùn jù. Faransé ni èdè ìjọba, ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló ń ta aṣọ. Ó bi aláṣọ ibẹ̀ léèrè pé "nabi?", èló ni, ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́ lẹ́nu àwọn Ẹ̀gùn ní Àgbádárìgì. Ìyẹn fi Faransé dá a lóhùn wàràwàrà, aláṣọ wa kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bá yíjú sí ẹni tí wọ́n jọ wá, ó sì rọra sọ pé, "Ó ti wọ́n jù, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Àfi bí ẹni tó ń ta aṣọ ṣe rẹ́rìn-ín: "Ẹ má lọ, Ìyá, èló lẹ fẹ́ san?" Ó lè jẹ́ ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì lè jẹ́ ọmọ Fọ̀n tí ọjà kọ́ ní Yorùbá. Ànàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní 1889 ló fi Kétu sí ọ̀hún, tó fi Mẹ̀kọ́ sí ìhín. Ará Ìlú Ìbìní gan-an, ọmọ bíbí ibẹ̀, tí kò gbọ́ Yorùbá, àlejò pátápátá ni nínú orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀.

Ebi ń pa á. Ó rí àkàsà tí wọ́n fi ewé pọ́n, ẹ̀kọ ni. Ó rí amiwo, òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò títí ó fi pupa, pẹ̀lú adìyẹ dídín. Kò sí ọbẹ̀ dúdú Ìbìní níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bà líle bí ti Ekiosa. Búrẹ́dì gígùn bí ọ̀pá ló wà níbi gbogbo. Faransé lọ, búrẹ́dì rẹ̀ kò lọ.

Ìpadàbọ̀ lẹ́rù. Ìrẹsì kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà, òkìrìkà pẹ̀lú adìyẹ dídì sì wà lára ohun tí kọ́sítọ̀mù kò fẹ́ rí rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni mọ́tò pàápàá kò ti gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Àwọn oníṣòwò kò tíì gbàgbé oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà pa láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà ní ọ̀hún fi í sí ọ̀hún. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí Ṣẹ̀mẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì tó dé, aláṣọ wa ra gaàrí ní Ekiosa. Ó tú etí ìró rẹ̀ láti san owó, owó ẹyọ 100 séfà kan bá náírà jáde. Alágaàrí mú un, ó wo àwòrán ara rẹ̀, ó yí i sí ẹ̀yìn, ó bi í pé owó ibo nìyí.

"Owó Benin ni."

Alágaàrí dá a padà fún un. Ó ní kó fún òun ní owó Benin tòótọ́.